Àwòrán méjì tó jọra bí ìbejì
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo wà ní yàrá mi ní Tánkẹ̀, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi, mo ń fi dátà fóònù lo AlphaFold, ẹ̀rọ AI tó máa ń ya àwòrán bí purotéènì inú ara ṣe rí. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi tó jẹ́ SS ni mo fẹ́ wò. Mo tẹ gbogbo lẹ́tà 146 tó wà nínú okùn beta ti hẹmoglóbìn, purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, sí i; lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún èròjà (amino acid) kan. Mo tún un tẹ̀, mo wá fi V rọ́pò E tó wà ní ipò kẹfà. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wàhálà.

Kí iná tó lọ, àwòrán méjèèjì ti jáde. Búlúù ló pọ̀ jù lára wọn, ìyẹn ni pé ó dá ẹ̀rọ náà lójú. Mo gbé ọ̀kan lé èkejì: ìbejì! Inú bí mi. Ṣé lẹ́tà tó ń jẹ́ kí eegun máa dun ọmọ títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni kò hàn yìí?

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí. Ẹyọ hẹmoglóbìn kan kò níṣòro. Ìgbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára wọn ni V yẹn, tó máa ń sá fún omi, á lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n á so kọ́ra di okùn gígùn, sẹ́ẹ̀lì á wá tẹ̀ bíi dòjé. Ẹyọ kan ni mo ní kó yà, kò parọ́. Demis Hassabis àti John Jumper tí wọ́n ṣe é wà lára àwọn tó gba Nobel kẹ́mísírì ní 2024. Èmi kọ́ ni n óò bá wọn jà.

Ìyá mi yọjú. "Kí lèyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí òwú òfì?"

Mo ní ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ni.

Wọ́n wò ó títí. "Ó mà wuyì o. Ṣé ó ti lo fólíìkì rẹ̀ lálẹ́ yìí?"