Ògbóǹtarìgì Tó Ń Jẹ́ Extras

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣe àtàǹpàkò mi tó fi wú. Bí ẹ bá bi mí, màá ní ilẹ̀kùn ló há a. Àwọn méjì péré ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, àwọn náà ò sì tíì rẹ́rìn-ín tán láti àná.

Cricket 07 la ta. Géèmù àtijọ́ ni. 2006 ló jáde, wọ́n wá kọ 07 sí i lára, bí ọmọ tí wọ́n fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀ kó lè wọ iléèwé. Akọ̀wé ló hú u jáde nísàlẹ̀ àpótí, òun àti PlayStation 2 kan tí eruku ti di ẹ̀wù sí lọ́rùn. Ẹ ṣáà mọ Akọ̀wé, kò sí eré tí kì í mú bírò lọ. Alágídí ní òun lòun máa bá mi ta á. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ti ń wo kíríkẹ́ẹ̀tì látìgbà tí Brian Lara, ọmọ West Indies, ti gba run 400 (run ni àmì ayò wọn) láìjáde lọ́dún 2004! Ẹ gbọ́ mi o, mo ní mo ń *wò ó*. Èmi náà ti ń wo ẹyẹ láti kékeré, n ò fò rí.

Mo mú Australia. Ta ni ò ní mú wọn? Àwọn yẹn ló na England ní 5-0 nínú Ashes, ìdíje tí àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn ta, lọ́dún 2006 sí 2007. Hayden, Ponting, Gilchrist, gbogbo wọn tò sẹ́yìn mi. Alágídí mú England. Over 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù 120 nìyẹn. Mo ní kí Akọ̀wé lọ wá ìwé tó fẹ̀ dáadáa, torí ohun tí mo fẹ́ gbà kò ní gba ojú ewé kan.

Ìlà kan ló gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo gbà lọ́kàn mi pé bí mo bá ṣe tẹ bọ́tìnì lágbára tó ni bọ́ọ̀lù máa ṣe jìnnà tó. Mo jókòó tẹ̀ ẹ́. Mo dìde dúró tẹ̀ ẹ́. Mo di èémí mú, mo forí bolẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ kòkòrò pa. Bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú tí Hayden ti fi pátákó gbá afẹ́fẹ́ tán, tó wá dúró bí ẹni ń retí ọkọ̀. Gbàgà! Igi mẹ́ta ti tú ká lẹ́yìn rẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Ti Gilchrist ló burú jù. Mo ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì ìsáré. Ó dé ìdajì ọ̀nà, mo rántí pé kò gbá nǹkan kan, mo pè é padà. Mo tún rò ó pé bóyá kó máa lọ, mo tún rán an. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín pápá bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé, títí wọ́n fi ju bọ́ọ̀lù lu igi.

Ohùn Richie Benaud ló wà nínú géèmù yẹn, òun àti Mark Nicholas. Benaud tó ti ṣe kápẹ́ńì Australia rí! Bàbá ti kú láti 2015, èmi tún wá ń fi irú ìran báyìí han ohùn tó fi sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n pa ohùn tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni kẹwàá jáde, ìpín tèmi parí. Akọ̀wé gbé ìwé sókè: "Hayden, òdo. Ponting, òdo. Gilchrist, òdo." Ó ń pè wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ajẹgbèsè. "Àpapọ̀, 3."

Ara mi yá gágá. "Ta ló gba 3 yẹn?"

"Extras."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní mo mọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ò ní dójú tì mí. Mo ní bí a bá tún ta òmíràn, Extras ni mo máa kọ́kọ́ rán wọlé. Mo tún bèèrè bóyá ó ti pẹ́ tó ti ń gbá fún Australia.

Ilé pa rọ́rọ́. Àfi gbì, Alágídí ti bọ́ lórí àga. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré náà, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, Extras kì í ṣe èèyàn. Run tí àwọn ọ̀tá fọwọ́ ara wọn tọrẹ fún ọ ni, bíi kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní wide. Mo ti ń wò ó láti 2004 o.

Akọ̀wé ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní New Zealand náà gba 26 péré rí nínú Test, kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀, ní Auckland, 1955, ọwọ́ England náà ni. Mo wò ó. Ẹni tó ní 3, ṣé ẹni tó ní 26 ni wọ́n ń fi tù ú nínú?

Ó wá kan Alágídí. 4 péré ló ń wá. Kó rọra ta bọ́ọ̀lù kan kó yí dé ààlà pápá, ó parí. Alágídí kọ̀. Ó ní six lòun máa fi borí, ìyẹn run mẹ́fà fún bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ààlà láìkanlẹ̀, kí ìtàn lè dùn ún sọ. Ló bá ń gbá a sókè ọ̀run, ó ń já bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ mi. (Ẹ̀rọ ló ń bá mi hán an. Ká ní èmi ni, ẹ mọ̀.) Mẹ́sàn-án ti jáde, kò tíì rí run kan gbà. Àmọ́ àtàǹpàkò mi ti wú, kò gbé àmì tí mo fi ń darí bọ́ọ̀lù dúró sójú kan mọ́, mo sì ti ju wide mẹ́ta. 3 sí 3. Gbogbo wa ti wà lórí ìdúró.

Igi àárín gan-an ni mo dojú bọ́ọ̀lù kọ. Àtàǹpàkò ta mí zó. Akọ̀wé na apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi rẹfirí.

Wide.

Alágídí, tí kò gba run kan ṣoṣo, ń sáré yí pálọ̀ ká bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Akọ̀wé ò tiẹ̀ wò ó. Ó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹni tó ta yọ jù lọ lọ́jọ́ náà: Extras, 7, láìjáde.