Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye iyọ̀ tí èèyàn ń jẹ, ìtọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi

Ẹ bi ìyálé ilé kan pé iyọ̀ tó ń jẹ lóòjọ́ ti pọ̀ tó, á ní díẹ̀ báyìí ni. Kò purọ́ o. Èyí tó fi ṣíbí bù nìkan ló ń rántí. Kò ka mágì mọ́ ọn, kò ka búrẹ́dì àárọ̀, kò sì ka káún tó fi se ewédú. Káún yìí gan-an ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: pótáàṣì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ tá à ń wá yìí, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbára lé ìbéèrè nìkan. Nínú ìdá mẹ́wàá sódíọ̀mù tó bá gba ẹnu wọlé, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án ló ń bá ìtọ̀ jáde, ibi yòówù kó ti wá.

Ìtọ̀ wákàtí 24 gbáko ni mò ń sọ, kì í ṣe ti inú ife kékeré. Lóòótọ́, àwọn ìlànà ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń fojú bu ti gbogbo ọjọ́ látinú ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, bíi ti Kawasaki àti Tanaka. Ara àwọn ará Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má fi dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́jọ́.

Ẹ fún ẹni náà ní kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó mọ́, jọ́ọ̀gì tẹ́nu rẹ̀ fẹ̀, ìgò kékeré tó ṣe é gbé lọ sọ́jà, àti láílọ́ọ̀nù dúdú. Ẹ má fojú kéré láílọ́ọ̀nù yẹn: ẹni tójú bá ń tì láti gbé kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ kọjá níwájú àlejò, ààbọ̀ ìtọ̀ ló máa gbé wá fún yín.

Ká ní aago 6 àárọ̀ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ aago 6 yẹn, kó tọ̀ ọ́ dànù, kó sì kọ aago sílẹ̀. Látìgbà náà lọ, inú kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, tọ̀sán tòru, títí kan èyí tó máa tọ̀ laago 6 ọjọ́ kejì, bí ìtọ̀ kò tiẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ yìí ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe wọ́n, wọ́n á dà á mọ́ ìyókù, ìtọ̀ gbogbo òru àná á sì bá a wọlé. Wákàtí 24 á di nǹkan bí 32. Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé bó bá fẹ́ yàgbẹ́, kó kọ́kọ́ tọ̀ sí jọ́ọ̀gì ná. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù àti ẹni tó ń ṣu gbuuru, ẹ dá tiwọn dúró dọjọ́ mìíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì pé? Èyí tí kò bá tó ìdajì lítà, ẹ fura sí i. PABA, èròjà kan tẹ́ni náà máa gbé mì kó lè bá ìtọ̀ jáde, ló dájú jù: hóró onímílígíráàmù 80, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú oúnjẹ. Ara kì í tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Bí mílígíráàmù 204, ó kéré tán, bá jáde nínú 240 yẹn, kẹ́ẹ̀gì pé. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bó bá lo paracetamol tàbí Septrin. Láàbù tó ń fi àwọ̀ wo PABA lè ka àwọn oògùn yìí mọ́ ọn, kẹ́ẹ̀gì tó dín á wá jọ èyí tó pé. Ẹ̀rọ HPLC, tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó wọ̀n wọ́n, kì í ṣì wọ́n mú bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọn kẹ́ẹ̀gì dáadáa kẹ́ ẹ tó bù ú, kẹ́ ẹ sì kọ iye ìtọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó da ìyókù nù. Ká ní lítà 1.6 ni, tí láàbù sì rí sódíọ̀mù mìlímóòlù 110 (òṣùwọ̀n tí láàbù fi ń ka èròjà) nínú lítà kan. 110 lọ́nà 1.6 jẹ́ 176. Mìlímóòlù 17 ni gíráàmù iyọ̀ kan, torí náà iyọ̀ tó bá ìtọ̀ jáde á jẹ́ bíi gíráàmù 10.4. Ẹ fi 0.9 pín in nítorí èyí tó bá òógùn àti ìgbẹ́ lọ, ó di nǹkan bí 11.5. Àjọ WHO ní kó má tó 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Lára àgbẹ̀ tó wà nínú oòrùn látàárọ̀, èyí tó bá òógùn lọ lè ju bẹ́ẹ̀, ìṣirò yìí á sì dín iyọ̀ tirẹ̀ kù.

Kẹ́ẹ̀gì kan tó bẹ́ ẹ bá ń wá ìpíndọ́gba odindi ìlú. Fún ẹnì kan, mi ò ní fẹnu sí nǹkan kan láìrí ọjọ́ mẹ́ta tí kò tẹ̀ léra, ó sì wù mí kó tó méje. Ẹ má yọ ọjọ́ òwàm̀bẹ̀ kúrò bó bá jẹ́ pé gbogbo Sátidé ló ń lọ.

Àwọn àmì yòókù tí wọ́n fi ń mọ ohun téèyàn jẹ látinú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀, kálukú ló ní bó ṣe ń pẹ́ sí. Proline betaine tó wà nínú ọsàn kì í pẹ́ bá ìtọ̀ lọ, kò lè sọ ohun tẹ́nì kan jẹ lóṣù tó kọjá. Ọ̀rá ẹja tó wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ lè sọ ọ́, torí sẹ́ẹ̀lì yẹn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ lọ́dọ̀ tiwa ni carotene inú ẹ̀jẹ̀, èròjà tó ń fún kárọ́ọ̀tì láwọ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń jẹ ewébẹ̀ àti èso. Ṣùgbọ́n epo pupa kún fún carotene, ara sì ń gbà á látinú epo ju látinú ewé lọ, débi pé ẹni tó ń fi epo jẹ iṣu lálaalẹ́ lè ju ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ. Ibí yìí ni mo ti máa ń padà sídìí ìbéèrè: epo ni àbí òróró, gààrí funfun ni àbí pupa?