Ìyáàlù Mi Tó Wọ Bọ́ọ̀sì Láti Ọ̀yọ́

Ọmọ onílù ni mí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, àmọ́ tó bá ti di Sátidé, ẹ ò ní í bá mi nílé. Bí ẹ bá dé òde ìnáwó kan ní Agége tàbí Ìyànà Ìpájà, tí ẹ gbọ́ tí ìlù ń ki alága débi pé alága ń ná owó tí kò fẹ́ ná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni.

Ìyáàlù, àgbà ìlù dùndún, tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígi. Mo bá ránṣẹ́ sí bàbá kan ní Ọ̀yọ́ tó ti ń ṣe ìlù kí wọ́n tó bí mi, pé kí wọ́n ṣe tuntun fún mi. Bàbá ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n kí n má kán òun lójú. Mi ò kán wọn lójú, torí ìlù dùndún kì í ṣe ohun à-ń-kánjú-ṣe. Igi apá ni wọ́n máa gbẹ́, tí wọ́n á dá inú rẹ̀ lu láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí àárín á sì tín-ín-rín. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú méjèèjì, torí awọ òbúkọ tó ti gbó nípọn jù, ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ọṣán, awọ tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ló so ojú kan mọ́ ìkejì. Ọṣán yìí gan-an ni gbogbo ọgbọ́n inú ìlù: fún un mọ́ra, ohùn á ròkè; dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá to ṣaworo yí etí rẹ̀ ká, kó lè máa dún bí onílù bá ti mira.

Lọ́jọ́ tí ìlù náà parí, Bàbá pè mí, wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n sì fi ìlù ki mí ní oríkì ìdílé wa. Àárín ọ́fíìsì ni mo wà. N kò mọ ìgbà tí mo dìde dúró. Ọ̀gá mi béèrè ohun tó dé, mo ní wọ́n ń pè mí nílé ni.

Ì bá wù mí kí n lọ gbé e fúnra mi, àmọ́ iṣẹ́ ò gbà mí láyè, ìnáwó ńlá kan sì wà ní Sátidé tó ń bọ̀. Ló bá di ọ̀rọ̀ wéébíìlì. Bàbá fi ògbólógbòó ìró wé ìlù, wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà-gadagba pé: ÌLÙ NI O. Ẹ MÁ GBÉ NǸKAN LÉ E. Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ÒJÒ PA Á. Àwọn fúnra wọn ló gbé e dé gáréèjì. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin la ó ṣe gbé e."

Tayọ̀tayọ̀ ni Bàbá fi ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Èmi tí mo ti rí ẹyin tó fi ọkọ̀ èrò dé Èkó rí, àyà mi là gààrà.

Wọ́n ti fún mi ní nọ́ńbà dírẹ́bà. Nígbà tí mo pè é, wọn ò tíì jìnnà sí Ọ̀yọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹrù yín wà nínú búùtù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ṣaworo. Wọ́n bọ́ sí kòtò, ṣaworo dún. Wọ́n jáde nínú kòtò, ó tún dún. Mo ní, "Dírẹ́bà, búùtù yín mà sún mọ́ ẹnu yín o."

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Mo ní kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù títí mo fi rò pé wọn á ti kọjá Fìdítì, wọn á ti ra ọsàn tí wọ́n fẹ́ rà níbẹ̀, wọn á sì ti máa wọ Mọ́níyà. Mo tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan ń lu ìlù mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ohùn rẹ̀ mọ́, awọ ṣì le, iṣẹ́ Bàbá ò lẹ́gàn. Ohun tí kò bá mi lára mu ni pé kì í ṣe kọ̀ǹgó ni wọ́n fi ń lù ú. Mo mọ bí kọ̀ǹgó ṣe ń ró lára awọ. Eléyìí ń ró pọ̀, pọ̀, pọ̀, mo sì mọ̀ pé rọ́bà ni. Mo tẹ́tí bóyá mo lè gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, kò wí nǹkan kan. Ẹ̀sín ni wọ́n ń fi ṣe.

"Dírẹ́bà, ta ló ń lu ìlù mi?"

"Ìlù kẹ̀? Rédíò ni."

"Rédíò wo ló ń fi sálúbàtà lu ìlù?"

Ó pa fóònù.

Títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, kò tó kìlómítà 130. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín Mọ́wẹ̀ sí Ìbafọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kìlómítà kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ pé ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó wọlé, ni mo bá ní kí n tún bi wọ́n níbi tí wọ́n dé. Dírẹ́bà gbé fóònù, ó ní Ògèrè làwọn wà. Lẹ́yìn rẹ̀, mò ń gbọ́ nǹkan tó ń kan awọ ìlù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìdúró, láìsinmi. Ọwọ́ ènìyàn kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Bí mo ti ń gbọ́ ọ ni ohùn ìlù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi kù ju bùù lọ. Orí mi wú. Òjò ló ń lu ìlù mi.

Mo ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Ó ní oòrùn ọ̀hún mú débi pé òun ń làágùn. Mò ń gbọ́ wáípà rẹ̀ tó ń han gooro lójú gíláàsì.

Mo ti wà ní gáréèjì ní Ọ̀jọ́ta kí wọ́n tó dé. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó pọn ọmọ kan, ó fa ìkejì lọ́wọ́. Èyí tó fà lọ́wọ́ wọ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ kan, ó sì di ìkejì mú. Mo wo sálúbàtà náà. Ọmọ náà wò mí.

Obìnrin náà rí i pé ìlù tí kọ̀ńdọ́ gbé wálẹ̀ ni mò ń wò. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ìlù yìí? Ẹ̀yin bàbá, Ọlọ́run á bù kún yín o! Ìlù yín ṣe wá lóore." Ó ní ọkọ̀ ti kún nígbà tí òun wọlé ní Ìlọrà, dírẹ́bà ní kí òun fi ẹrù kan tó wà láàárín ìjókòó ṣe àpótí. Ó ní ó le díẹ̀ ní ìdí, àmọ́ ó sàn ju ìdúró lọ. Ó ní ọmọ òun ì bá ti fi ẹkún yọ gbogbo ọkọ̀ lẹ́nu, ìlù yìí làwọn tú jáde fi rẹ̀ ẹ́. "Òjò wá dé, fèrèsé kan ò sì ní gíláàsì. Dírẹ́bà yìí gbọ́n o! Ó ní ká gbé ìlù dí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣe wẹ́kú. Kò kán sí wa lára rárá."

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Mo ní wọ́n kú ewu ọ̀nà.

Ìlù ọ̀hún rèé, kò sí àpò lára rẹ̀, kò sí ìró. Mo tẹ awọ ojú rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó wọlé, kò padà. Ibi tí wọ́n jókòó lé ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Mo ṣì ń yí i wò ni dírẹ́bà lọ sẹ́yìn ọkọ̀ láti kó ẹrù àwọn yòókù. Búùtù náà ò ní kọ́kọ́rọ́, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ bọ́ńpà. Mo wo okùn náà nínú iná fóònù mi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n ti ta á ní kókó bíi mélòó kan, ibi tí wọ́n gé e sì ń ṣí, ó funfun nínú. Mo padà sídìí ìlù, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì: igi hàn gbangba, ọṣán tó yẹ kó wà níbẹ̀ ò sí. Àwọn àgbà ní ọṣán já, ọrún dọ̀pá. Tèmi ò já o. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú," dírẹ́bà wí. "Búùtù ló ṣí sílẹ̀ ní Ṣágámù. Mo rí okùn tó pọ̀ lára ẹrù yín, mo rò pé àlékún ni."

Mo pariwo. N kò fẹ́ parọ́, mo pariwo dáadáa, àwọn alágbàrù àti àwọn àgbèrò pé jọ. Dírẹ́bà ní ṣebí ìlù ni, ṣebí kí wọ́n máa lù ú ni wọ́n ṣe ṣe é, àti pé òun gan-an ló yẹ kó máa bínú, torí ìlù náà gba ààyè èrò kan, owó wéébíìlì tí Bàbá san kò sì tó. Mo ní èrò ló jókòó lé e! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ká ní kò sí níbẹ̀, àpótí gidi ni òun ì bá gbé síbẹ̀.

Alága gáréèjì dé. Ó gba rísíìtì lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí tínńtínní pé ẹrù tó bá bàjẹ́ lọ́nà, ti ẹlẹ́rù ni. Ó wá ní kí wọ́n gbé ìlù wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ìlù ní bùù.

"Ó ṣì ń dún," ni ìdájọ́ alága.

"Ó dún o!" làwọn àgbèrò gbè é. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ju ẹsẹ̀.

Nígbà tí alága rí i pé ojú mi ti pọ́n, ó bá mi dá sí i. Ó ní kí n má ṣèyọnu, kí n gbé ìlù sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn á fi wéébíìlì dá a padà sí Ọ̀yọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, dírẹ́bà yìí kan náà ló sì máa gbé e torí ó ti mọ ìlù ọ̀hún dáadáa.

Mo gbé ìlù mi, mo lọ sílé.

Sátidé kò gbọ́ àlàyé. Èyí àtijọ́ ti sán, èyí tuntun ti dẹ̀. Mo fi okùn rọ́bà dí àlàfo ọṣán, mo sá ìlù sóòrùn látàárọ̀, mo gbé e lọ síbi ọjọ́ ìbí ìyá kan tó pé 70 ọdún. Ìyá ń jó bọ̀, mo ní kí n kí wọn káàbọ̀. Bí mo ti fún ọṣán tó lábẹ́ apá, ohùn ò ròkè. Ìlù ń kùn. Gbogbo oríkì tí mo mọ̀ ni mo kó jáde, gbogbo rẹ̀ ló jáde ní ìkùnsínú. Àwọn tó ń lu gángan lẹ́yìn mi ò mọ ibi tí mo dorí kọ. Àbúrò ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Àyàn, ta ló ṣẹ̀ yín? Ẹ sọ ọ́ ká yanjú ẹ̀ kí ìyá tó jókòó." Kí n tó dáhùn, ó ti fi owó lé mi lọ́wọ́ pé kí n sinmi díẹ̀. Owó tó fi bẹ̀ mí kí n dákẹ́ pọ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń fún mi kí n lù lọ. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo ráyè, èmi fúnra mi ni mo gbé e padà sọ́dọ̀ Bàbá. Mo san owó ìjókòó méjì. Ìyàwó mi ti fi ìró wé ìlù láti ìdí dé ọrùn, ó sì fi ìborùn bò ó lókè nítorí ìrì. Mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo jókòó tì í. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa.

Kọ̀ńdọ́ yọjú. "Ìyá tó wà létí fèrèsé, ẹ bá wa sún díẹ̀."

Mo ní, "Ìyá ò lè sún. Ara wọn ò yá, Ọ̀yọ́ ni mo ń gbé wọn lọ fún ìtọ́jú." Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá," ni gbogbo ọkọ̀ wí. Obìnrin àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn wa rọra béèrè ohun tó ṣe wọ́n.

"Iṣan wọn ló gé, mà."

"Yéè! Ṣé wọ́n ṣubú ni?"

"Wọn ò ṣubú. Ènìyàn ló jókòó lé wọn."

Ó ká ọwọ́ lérí. Ó tú àpò rẹ̀, ó yọ òrí díẹ̀ nínú ike, ó nà án sí mi pé kí n máa fi ra wọ́n ní oríkèé láràárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ìjókòó, mo gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ bọ́ sí kòtò kan lẹ́yìn ìbòdè Ìbàdàn, gbogbo ṣaworo abẹ́ ìró dún lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni obìnrin náà wí, "ìyá yín mà fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ o."