Àìsàn tí iṣẹ́ kó bá yín: ẹ jẹ́ kó wà lákọọ́lẹ̀

Ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Òṣogbo ni mo ti ṣiṣẹ́ títí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àkísà la fi ń bo imú níbẹ̀, òun náà la fi ń nu òógùn.

Ẹni tí ayùn bá gé níka, gbogbo ọgbà ló máa rí i. Ti eruku igi yàtọ̀. Ẹ ó kàn máa húkọ́, ẹ ó mu àgbo, oníkẹ́míìsì á ní otútù ni, tàbí kí ẹ dín sìgá kù (èmi tí mi ò fà á rí!). Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fura: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ rí i pé tẹ́ ẹ bá ti gba ìsinmi Iléyá, ikọ́ yín ń lọ?"

Ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn, pé ó ń rọlẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì ń padà tí iṣẹ́ bá wọlé. Àmọ́ dókítà tí èrò kún iwájú rẹ̀ lè má béèrè iṣẹ́ yín. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú fáìlì. Ẹ ní kí wọ́n yẹ etí yín wò pẹ̀lú. Ariwo tó bá kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 (òṣùwọ̀n ariwo nìyẹn) fún wákàtí 8 lójúmọ́ ń ba etí jẹ́, kì í sì í dunni.

Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010, ka àìsàn iṣẹ́ mọ́ ìfarapa. NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o. Ọ̀gá ló ń dá owó sí i, náírà 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó yín. Ọjọ́ 14 ni ẹ ní láti fi àìsàn náà tó ọ̀gá létí, òun náà ní ọjọ́ 7 láti sọ fún àjọ náà. Ẹ má jẹ́ kó tó ọdún 1 kí ẹ tó béèrè owó yín.

Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́ o. Ẹ̀dà méjì ni mo kọ lẹ́tà mi. Máníjà ní, "Ṣebí ọmọ ilé ni ẹ́, kí ni ti lẹ́tà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi buwọ́ lu ẹyọ kan." Nígbà tó yá, wọ́n gbé owó díẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé pé mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá tiẹ̀ ti fọwọ́ sí irú ẹ̀, kó má rò pé ó ti parí, òfin ò ka ìwé bẹ́ẹ̀ sí.

Ibi tó le jù fún púpọ̀ nínú wa ni ká fi hàn pé a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá, torí kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì ló gbà mí. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ká owó lé fún yín, ẹ ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì láti oṣù yìí lọ.