Ibo Ló Dúró Sí Tó Fi Rí I?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn, ẹ ti bi mí léèrè títí ohun tí mò ń wá nínú ogun Amẹ́ríkà àti Japan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì gan-an ò tíì tán nílẹ̀ wa. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ẹ máa nílò rẹ̀ nídìí Kírìjì náà.

Ikọ̀ bàlúù Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní VB-6 ni mo tọpa rẹ̀. Orí Enterprise, ọkọ̀ ojú omi ńlá tí bàlúù ń gbéra lórí rẹ̀, ni wọ́n wà nígbà Ogun Hítílà. Dauntless ni bàlúù tí wọ́n ń wà. Èèyàn méjì ló ń jókòó sí i: awakọ̀ kọjú síwájú, ayìnbọn kọ̀yìn sí i. Tí wọ́n bá rí ọkọ̀ ọ̀tá nísàlẹ̀, wọ́n á dorí bàlúù kodò bí àwòdì tó rí ọmọ adìẹ, wọ́n á sì ṣí apá kan lára ìyẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dáhò sí lára bí ajọ̀, kí eré náà má baà pọ̀ jù. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n kan omi, awakọ̀ á ju bọ́ǹbù sílẹ̀, á wá fa bàlúù sókè tipátipá. Ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Bó ṣe ń fà á, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú. Bọ́ǹbù sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó kọ̀yìn sí i nìkan ló dojú kọ ibi tó bọ́ sí.

N ò mọ èyí nígbà tí mo kọ orí kìíní iṣẹ́ mi. Mo kàn to ohun tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan lóun bà jọ bí ẹni ń ka owó ọjà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ka ojú ewé méjì, wọ́n fi báírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: “Ibo ló dúró sí tó fi rí i?” Wọn ò kọ nǹkan mìíràn. Inú bí mi gan-an.

Ẹ wo ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, 1942, nítòsí erékùṣù Midway. Wade McClusky, olórí àwọn bàlúù Enterprise, kó Dauntless tó lé ní 30 lẹ́yìn, ti VB-6 àti ti VS-6, ikọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ní ọkọ̀ Japan máa wà, omi lásán ni. Epo ń jó. Kò yí padà. Nígbà tó yá ló rí ọkọ̀ ogun Japan kan ṣoṣo, Arashi, tó ń sáré bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà: ó ti dúró lẹ́yìn láti lé Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà, ó wá ń wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. McClusky kọrí síbi tó kọrí sí. Bí wọ́n ṣe bá wọn nìyẹn.

Òfin wọn ni pé ikọ̀ tó ṣíwájú ló ni ọkọ̀ tó jìnnà, tẹ̀yìn ló ni tìtòsí. McClusky ló ṣíwájú, àmọ́ Kaga, ọkọ̀ Japan tó wà nítòsí, ló já lù. Richard Best, olórí VB-6, ti múra tán láti já lu Kaga kan náà. Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò tó. Best rí i tí àwọn ará iwájú ń já kọjá níwájú rẹ̀, ó yáa fà sẹ́yìn, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bá ti Kaga lọ. Méjì péré ló kù sí i lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta yẹn ló lọ bá Akagi, ọkọ̀ Japan tó jìnnà. Bọ́ǹbù kan ṣoṣo, oníwọ̀n 1,000 pọ́n-ùn, ló wọnú rẹ̀ lọ bá bàlúù, epo àti bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́. Ó tó. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ará Japan fúnra wọn ló rì í.

McClusky ní òun ti pín ọkọ̀ fún wọn lórí rédíò. Best lóun ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìbéèrè ọ̀gá mi nìkan tó o. Ọ̀gágun Japan kan wà lórí Akagi gan-an lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ogun, ó kọ ọ́ pé bàlúù kún orí ọkọ̀ wọn, pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n gbéra lọ jà. Ọ̀rọ̀ náà dùn, èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ orí kejì. Àwọn òpìtàn Amẹ́ríkà gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn kan fi lọ ka àkọsílẹ̀ ìgbéra àti ìbalẹ̀ bàlúù àwọn ọkọ̀ Japan náà. Àwọn bàlúù kéékèèké tó ń ṣọ́ òfuurufú ló ń bà, tó ń gbéra níbẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Inú ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fẹ́ lọ jà wà. Ẹni tó dúró síbẹ̀ náà, ẹ ṣì ní láti bi í pé ta ló ń sọ ọ́ fún, ìtìjú ta ló sì ń bò. Mo fa ojú ewé yẹn ya. Ó dùn mí, torí mo kọ ọ́ dáadáa.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà kì í ṣe ọkọ̀ tó rì. Atẹ́gùn ni. Lókè lọ́hùn-ún, atẹ́gùn inú agolo ni wọ́n ń mí. Agolo Best tú kẹ́míkà burúkú sí i nímú láàárọ̀ náà. Atẹ́gùn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì tán. Ló bá bọ́ ìbòmú tirẹ̀ náà, ó kó wọn sọ̀ kalẹ̀ sí 15,000 ẹsẹ̀ bàtà kí wọ́n lè jọ mí. Lọ́sàn-án ó tún padà lọ, Hiryu, ọkọ̀ Japan mìíràn, náà gba tiẹ̀. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń wú. Kẹ́míkà yẹn ti jí ikọ́ fée tó ń sùn nínú rẹ̀, kò sì wa bàlúù ogun mọ́.

Nínú VS-6, Frank O'Flaherty àti ayìnbọn rẹ̀, Bruno Gaido, bà sórí omi nígbà tí epo tán. Lójú àwọn ará Enterprise, wọ́n kàn lọ tí wọn ò padà ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan la ti wá mọ̀ pé ọkọ̀ wọn kan gbé wọn, wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, lẹ́yìn náà wọ́n so ohun wúwo mọ́ wọn, wọ́n jù wọ́n sókun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Kírìjì, ti Ìbàdàn lẹ kà dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé ẹ ti dé Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà pàgọ́ sí?