Ibojì Lieutenant Thompson ní Wahala, lójú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé

Láàárín Notsé àti Atakpamé, lójú ọ̀nà N1 tó ti Lomé lọ sí àríwá Togo, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Wahala. Ibẹ̀ ni wọ́n sin George Masterman Thompson sí, ọ̀gá ológun láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Britain tó ń jẹ́ Royal Scots, tí wọ́n fi kún Gold Coast Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ tó di Ghana lónìí. Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1914 ló kú. Ogun ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wà lára àwọn ọ̀gá ológun Britain tí ọ̀tá kọ́kọ́ pa nínú ogun àgbáyé kìíní, ìyẹn ló sì yẹ kó mú ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn débẹ̀.

Láti Èkó, ẹ ó gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, ẹ ó la Kutọnu kọjá dé Hillacondji, kí ẹ tó wọ Togo. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì dání, kí ẹ sì ṣẹ́ sẹfá sí wẹ́wẹ́. Ẹ sun Lomé mọ́jú. Láàárọ̀, mọ́tò Atakpamé ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì ti sọ fún dírẹ́bà kó tó gbéra pé Wahala lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, Atakpamé ni yóò gbé yín lọ. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Tsévié, Agbélouvé àti Notsé, ẹ lajú sílẹ̀.

Ẹ má béèrè “ogun Khra”, ìyẹn ìjà tí Thompson kú sí, lọ́wọ́ ará ọ̀nà. Odò ni Khra, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ ní Chra, orúkọ rẹ̀ ni àwọn òpìtàn fi pe ìjà náà. Simitíẹ̀rì àwọn ológun ni kí ẹ béèrè, lédè Faransé. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀.

Jámánì ló ń ṣàkóso Togo nígbà náà, ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni Britain àti Faransé sì tìtorí rẹ̀ bá wọn jà. Ó ń bá ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀, ó sì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí Atlantic. Lieutenant-Colonel Bryant, ọ̀gá ológun Britain, kó ọmọ ogun Gold Coast àti ti Faransé tẹ̀lé ojú irin láti Lomé. Nígbà tí wọ́n dé odò Khra, àwọn Jámánì ti fọ́ afárá, wọ́n ti gbẹ́ kòtò sí òdìkejì, wọ́n sì to ìbọn arọ̀jò-ọta síbẹ̀. Bryant ní kí àwọn kan gba inú igbó yọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igbó yẹn ló ba ètò rẹ̀ jẹ́: ó dí débi pé ẹlẹgbẹ́ ò rí ẹlẹgbẹ́, ẹsẹ̀ ò yá, ẹni tó bá sì yọ sí gbangba, ọta ti dé ara rẹ̀. Àwọn tó kú àtàwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà lé ní 70.

Tirailleurs Sénégalais, ọmọ ogun Faransé, ni wọ́n fi sábẹ́ Thompson. Orúkọ yẹn máa ń ṣini lọ́nà, nítorí kì í ṣe Senegal nìkan ni wọ́n ti ń kó wọn. Gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni. Nígbà tí ọ̀gá wọn ṣubú, wọn ò sá. Wọ́n kú yí i ká, àárín wọn náà ni wọ́n sì sin ín sí. Faransé fi àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò òkúta tirẹ̀ nìkan kẹ́ ẹ wá máa lọ. Àwọn tí wọn ò fi í sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n sin àwọn Jámánì náà sí Wahala.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòtò ti ṣófo. Àwọn Jámánì ti padà sí Kamina, wọ́n fọ́ wáyálẹ́ẹ̀sì náà fúnra wọn, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ikú Thompson.

Àwókù Kamina ṣì wà. Bí ọjọ́ bá gbà yín láyè, ẹ tẹ̀síwájú dé Atakpamé kí ẹ sùn síbẹ̀. Àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana wà ní ìlú náà, èdè wọn sì bá Yorùbá tan. Etí yín á gbá ọ̀rọ̀ mú. Àmọ́ ẹ kúrò ní Wahala kí oòrùn tó wọ̀, torí lójú títì lẹ ti máa dúró de mọ́tò tó láyè, tílẹ̀ bá sì ti ṣú, kò rọrùn fún dírẹ́bà láti rí yín.