Ẹ fi ẹnu ara yín ka ìwé yín kí ẹlòmíràn tó bá yín kà á

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ohun tó wà lọ́kàn yín sínú ìwé lálẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ìwé yín wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, tàbí nínú báàgì tí ẹ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò sì tíì ṣí ohun tí ẹ kọ lésìí wò láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ ọ́. Èmi náà ò ṣí tèmi wò rí. Àwọn ẹbí ọkọ mi ló bá mi ṣí i, ní Ìdí-Arẹrẹ nílùú Ìbàdàn, lọ́sàn-án gangan, lójú ọmọdé lójú àgbà. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára, ẹ fara dà á fún mi tí ẹ bá rí i pé mò ń tún ibì kan sọ.

Gbági tuntun ni mo ti ń ta aṣọ, lọ́nà Ifẹ̀. Tí mo bá ti ọjà dé, tí mo dáná, tí àwọn ọmọ ti sùn, màá mú ìwé 2A mi jáde. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó lọ́kọ. N kì í kọ gírámà sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni mo máa ń kọ: ẹni tó bú mi, ẹni tó yá owó tí kò dá a padà, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ọkàn mi á fúyẹ́, màá sùn. Mo rò pé ibẹ̀ niṣẹ́ ìwé parí sí.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìbàdíàrán ni mò ń pè é, ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó wọ yàrá wa, ó ní ṣájà lòun ń wá, ó rí ìwé. Ó kà á, ó yà á ní fọ́tò, ó jù ú sórí WhatsApp ẹbí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń ká léèsì fún oníbàárà kan, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. Mo ṣí i, ìwé kíkọ ara mi ni mo rí. Àtàǹpàkò ẹni tó di ojú ewé náà mú wà nínú fọ́tò, èékánná rẹ̀ pọ́n rokoṣo. Èmi ni mo ra kútẹ́ẹ̀sì yẹn fún un.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè wọ́n ní ká wá sí agbo ilé. Kí a tó débẹ̀, wọ́n ti lọ tẹ àwọn fọ́tò náà sórí bébà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bébà náà wà lórí itan Bàbá Mọ́gàjí, olórí agbo ilé. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n gbé àpótí fún mi láàárín àgbàlá, gbogbo wọn jókòó yí mi ká. Bàbá mú awò ojú rẹ̀ jáde, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, òwú ni wọ́n fi so ó. Ó ní, "Ìyàwó, ohun tó o kọ ni mo fẹ́ kà fún ẹ. Tí n bá ṣì í kà, kó o sọ." Ó wá ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí n mú ₦20,000 wá fún ìnáwó òkú. Owó ọjà ni. Mo ní kò sí wàhálà."

Ó ṣí òmíràn.

"Ìbàdíàrán wọ aṣọ mi tí n kò tíì wọ̀ rí lọ sóde, epo ọbẹ̀ ló fi dá a padà. Mo ní kò sí wàhálà."

Ó tún ṣí òmíràn.

"Ìyá ní àwọn ọmọ mi ò mọ ìkúnlẹ̀, pé ilé àwọn ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní màá kọ́ wọn, kò sí wàhálà."

Ìyàwó kékeré kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ìborùn bo ẹnu. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín sókè. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ń ṣí bébà lọ. Nígbà tó yá, kí ó tó ka ìlà tó kẹ́yìn, àwọn ọmọdé ti ń gbè é, bí ẹni ń gbe orin: "Kò sí wàhálà!" Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, mo ti sin òbí, mo ti pàdánù ọjà rí, n ò rí irú ọjọ́ yẹn. Ara mi ń gbọ̀n lórí àpótí. Bàbá àwọn ọmọ mi tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀, fóònù náà sì ti kú láti ìdíkọ̀.

Wọ́n rò pé nítorí ohun tí mo kọ nípa wọn ni ojú ṣe ń tì mí. Rárá o. Gbogbo ohun tí mo kọ ló ṣẹlẹ̀, n ò sì tọrọ àforíjì lórí ìkankan títí di òní. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni ohùn tí mò ń gbọ́. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mo ti rò pé ohun tí àwọn èèyàn ń fi ojú mi rí ni mò ń kọ. Nígbà tí bàbá arúgbó kan kà á jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ti há, ọ̀rọ̀ tiwọn ń kọjá lọ létí mi, tèmi ló ń dúró. Èmi ni mo wà nídìí gbogbo ojú ewé yẹn, tí mò ń dáhùn lọ́nà kan náà fún ẹni gbogbo, tí mo wá ń lọ bínú lálẹ́ sínú ìwé.

Ìyá ọkọ mi ló wá bi mí ní ìbéèrè tó dùn mí jù. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo bi ẹ́ pé ṣé owó òkú yẹn ò ní ni ẹ́ lára, kí lo wí?"

Mo ní, "Mo ní kò sí wàhálà, mà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àbí kí ni màá tún sọ? Wọ́n bi mí lóòótọ́. Mo rántí ibi tí a dúró sí lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè wọn ò sí nínú ìwé mi, ìdáhùn mi nìkan ni mo kọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wá dá sí i, wọ́n ní ẹni tó ń kọ ìwà èèyàn sílẹ̀, ẹjọ́ ló fẹ́ pè, pé kì í ṣe ìṣe Yorùbá, pé ìṣe àwọn òyìnbó ni. N ò lè fèsì níbẹ̀, mo máa fèsì níbí. Akinpẹlu Obisesan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngán ní agbègbè Dùgbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni. Ọdún 1889 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1963, ó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkòkó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀. Ìwé náà ṣì wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI), gbèsè àti ìrònú owó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó bí i rárá, David Hinderer, òyìnbó oníwàásù, àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti dé Kúdẹtì ní 1853, wọ́n ń kọ ohun tójú wọn rí nílùú yìí sílẹ̀, Daniel Olubi tó bá wọn ṣiṣẹ́ náà sì ń kọ tirẹ̀. Olubi kì í ṣe òyìnbó. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà dẹ́rù bà yín.

Bí ó ṣe parí ò gùn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀, Bàbá bá Ìbàdíàrán wí, wọ́n pín obì, wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá, a lọ sílé. Ìbàdíàrán bẹ̀ mí. Mo gbà. Inú mi ò tíì yọ́ tán, mo sì sọ ìyẹn fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ ka ìwé yín padà, kí ẹ kà á sókè. Ẹ má fi ojú kà á gẹ̀rẹ̀, ojú máa ń fo ohun tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, mo ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, mo kó àwọn ìwé àtijọ́ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ohùn ara mi. Mo rí ohun tí n ò rí nígbà tí mò ń kọ ọ́. Mo rí i pé orí fífọ́ tí mò ń ra oògùn sí, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo bá gba ohun tí n ò fẹ́ gbà ló máa ń dé. Ó wà níbẹ̀ ketekete, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Mo rí i pé èmi àti ọkọ mi kì í jà lórí ohun tí a rò pé a ń jà lé, ìparí oṣù tí owó ẹbí bá dé ni gbogbo ìjà náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ ara òun láìka ìwé rẹ̀ padà, kó lọ kà á ná.

Oníbàárà mi kan tó kàwé nípa ìrònú ẹ̀dá ló sọ ti James Pennebaker fún mi, ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, òun àti Sandra Beall tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léra. Àwọn kan kọ ohun yẹpẹrẹ, àwọn kan kọ ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn, inú wọn bàjẹ́ sí i ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, wọn ò lọ sílé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ wọn tó àwọn yòókù. Torí náà tí ẹ bá kọ ọ́ tán tí ẹkún ń gbọ̀n yín, ẹ má sọ pé ìwé ò ṣiṣẹ́. Pennebaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i lẹ́yìn náà pé àwọn tó jèrè jù ni àwọn tí àlàyé wọn ń jinlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ, tí wọ́n ń wá ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò wá ìdí kankan. Ẹjọ́ kan náà ni mò ń rò fún ìwé láti ọdún dé ọdún, ẹni tó ṣẹ̀ mí nìkan ló ń yí padà.

Ẹ kọ ohun tí ẹ fi dáhùn sílẹ̀, bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bi yín náà o, mo ti sọ ohun tí ìyẹn fojú mi rí. Ẹ kọ ọjọ́ tó dára pẹ̀lú. Mo wá orúkọ ìyá ọkọ mi nínú ìwé mi, ibi tí mo ti ń bínú sí wọn nìkan ni mo ti rí i. Àwọn ló sùn tì mí ní ilé ìwòsàn UCH nígbà tí mo bí ọmọ kejì tí mo ṣàìsàn, n ò kọ ìlà kan nípa rẹ̀, torí inú mi dùn lásìkò yẹn, mo sì ti lọ sùn. Ìgbà tí mo kà á sókè ni mo tó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ rí i? Orí kíkà náà ni mo tún padà sí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà ní ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni kí n fi ìwé pamọ́ dáadáa. Mo ti ra àgádágodo, ẹ̀yin náà ẹ rà á. Ṣùgbọ́n àgádágodo kọ́ ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ara yín. Ká ní mo ti ra àgádágodo láti ọjọ́ kìíní ni, ǹ bá ṣì wà níbẹ̀ tí mò ń sọ pé kò sí wàhálà. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ pé mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbàdíàrán o. Ohun tó ṣe ò dára, fífi ìka kan ìwé ẹlòmíràn ò dára, ká parí ẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí wọ́n gbé owó aṣọ ẹbí dé. Mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé n ò ní in báyìí, ó di ìparí oṣù. Ọkọ mi wọlé wá wò mí bóyá ara mi dá. Bàbá Mọ́gàjí ní, "Ó dáa." Ó tán.

Ẹnìkan bi mí bóyá fóònù ò sàn ju ìwé lọ, torí pé ó ní páàsìwọ́ọ̀dù. Tí fóònù bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lò ó, ẹ tiẹ̀ lè gba ohùn ara yín sílẹ̀ sí i, ìyẹn á jẹ́ kí gbígbọ́ rẹ̀ padà rọrùn. Lágbègbè wa, iná lè lọ fún ọjọ́ méjì, ìwé 2A ò sì ń fẹ́ ṣájà. Èyí ó wù kí ẹ lò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ déètì sí i pẹ̀lú ọdún. Àwọn ojú ewé kan wà nínú tèmi tí mo kọ "Tuesday" sí lókè, n ò mọ Tuesday ọdún wo mọ́.